Omi Tí Mo Dà Nù

Bàbá mi, awakọ̀ tí kì í sáré,

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Láti ìgbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ni mo ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá ilé wa, tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì mọ́ táyà ọkọ̀ kó má baà yọ̀ lórí yìnyín. Ìka mi ṣì kú, torí náà ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Orí tábìlì tá a ti ń jẹun ni mo wà, nílé wa ní Barriera di Milano, ní Turin. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù, ilẹ̀ ti ṣú. Bí oòrùn ibí ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà òtútù, á yọjú, á sì sá lọ bí ẹni tí wọn ò sanwó iṣẹ́ fún.

Màmá ń bọ̀ lọ́la. Èmi ni màá lọ fi ọkọ̀ gbé wọn ní pápákọ̀ òfurufú Malpensa, lọ́nà Milan, wọ́n sì ti sọ lórí rédíò pé yìnyín máa bọ́. Kì í ṣe ọ̀nà nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Láti Malpensa dé ibí, ó tó wákàtí kan àbọ̀ tí Màmá máa fi jókòó tì mí, wọ́n á sì béèrè ohun tí mo ti ń yẹ̀ sílẹ̀ lórí tẹlifóònù láti ọdún tó kọjá: kí ló dé tí mi ò wá nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn tí ẹ ń béèrè mi? Ohun tí mo sọ fún gbogbo ilé ni pé ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé àwọn àlejò ló di permesso mi, ìwé ìgbélùú, mú, pé mi ò lè jáde nílùú. Irọ́ ni. Permesso mi wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju Màmá lọ.

Ẹ rántí lọ́rì yín tó ń kó iṣu láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn. Níwájú rẹ̀ lókè lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí: ẸNI TÓ DA OMI SÍWÁJÚ. Àyè ò gba ìyókù, ẹ wá ní ẹni tó bá gbọ́n á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Bàbá mi, níbí yìí, ẹni tó bá da omi síwájú nínú oṣù Kìíní, ìdí ni yóò fi balẹ̀.

Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, lẹ máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á ṣe bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú wọn. Èmi ni mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi tẹ̀ lé yín. Kẹ́ẹ̀gì kan náà lẹ fi ń rọ omi fún ọkọ̀, òun náà lẹ fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ kọ́ mi pé ẹ́ńjìnnì tí òùngbẹ ń gbẹ kì í pariwo, ó kàn máa ń kú ni. Ẹ kọ́ mi pé omi tó bá ti yí àwọ̀ nínú rédíétọ̀, ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́. Kí n dà á nù, kí n sì máa ṣan inú rẹ̀ títí èyí tó ń jáde á fi mọ́ tó omi mímu. Mi ò gbàgbé ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ní Piacenza ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé, torí náà ọwọ́ mi ni ìtọ́jú ọkọ̀ bọ́ sí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún kejì sẹ́yìn la ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ ni mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi inú rẹ̀ rí bí omi ewúro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn Òyìnbó yìí, pẹ̀lú gbogbo ìmọ́tótó wọn, ẹ wo ohun tí wọ́n fi sínú ọkọ̀. Mo dà á nù pátá. Mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi omi ẹ̀rọ kún un, inú mi dùn débi pé ó ṣe mí bíi kí ẹ wà níbẹ̀ kí ẹ rí i. Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mo rí ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún, mo tún fọ iké rẹ̀ dànù.

Nínú oṣù Kìíní ni ẹ̀gbọ́n mi àgbà pè pé ara yín ò yá, kí n tètè máa bọ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ kùtù ni bààlúù máa gbéra, kò sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé mi débẹ̀ lásìkò. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n jẹ́ kí ẹnì kan wà mí lọ, mo kọ̀. Ọmọ yín ni mí, màá wa ọkọ̀ mi fúnra mi, kí ọkọ mi wá mú un ní Malpensa tó bá yá. Òtútù òru ọjọ́ náà le gan-an. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, nǹkan kan han nínú ọkọ̀, mo rò pé òtútù lásán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Chivasso ni abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn lọ dúró sójú pupa, tí èéfín bo iwájú mi.

Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí n já ewé sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i, bí ẹ ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò sí igi kan tó ní ewé lórí. Mo ní sùúrù kó rọlẹ̀, mo fi àkísà ṣí ìdérí, mo wá gbé kẹ́ẹ̀gì omi jáde nínú búùtù. Mo dorí rẹ̀ kodò. Kò sí ohun tó jáde. Mo mì ín, ó ń dún gbì gbì. Gbogbo omi inú rẹ̀ ti di òkúta. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀ sábẹ́ kóòtù, bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀, torí Ìsẹ́yìn ti wà lọ́kàn mi. Mo dúró síbẹ̀, mo gbá kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ra, mo sì sunkún.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Meccanico tó wò ó jẹ́ àgbàlagbà. Ó na ìka sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti là, ó béèrè ohun tí mo rọ sínú rẹ̀.

“Signora, cosa ci ha messo?”

Mo ní, “Acqua.”

“Solo acqua?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, omi nìkan, omi tó mọ́. Kò bú mi. Ó mi orí, ó lọ gbé gálọ́ọ̀nù kan wá, ó ní kí n wo inú rẹ̀. Omi ewúro yẹn ni. Antigelo ni wọ́n ń pè é, òun ni kì í jẹ́ kí omi ọkọ̀ dì nígbà òtútù. Bí omi bá dì, ó máa ń wú, irin tó yí i ká á sì là. Ohun tí ọkọ̀ náà fi wà láàyè ni mo fi ọwọ́ ara mi dà sí gọ́tà.

Bààlúù ti lọ. Àyè tó tún ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ dúró dè mí fún ọjọ́ méjì. Wọ́n sin yín lọ́jọ́ kan náà kí ìrun Àlàásárì tó wọlé, bó ṣe yẹ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Nígbà tí mo bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, wọ́n ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀ tí wọ́n ti sọ fún yín pé mo ti wa ọkọ̀ mi lọ sí pápákọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ń sọ: “Ṣé ó wo omi ọkọ̀?” Ẹ sọ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta títí ẹ fi dákẹ́. Wọ́n ní àìsàn ló ń sọ ọ́. Màmá wá ní, “Ìwọ náà wo bàbá rẹ, bíi pé bààlúù ń mu omi.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ òótọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Irọ́ permesso ló yọ sí mi lẹ́nu, pé ní pápákọ̀ ni wọ́n ti dá mi padà nítorí rẹ̀. Gbogbo ilé bá mi ṣépè fún ọ́fíìsì tí kò ṣẹ̀ mí.

Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà sí àlòkù mìíràn. Meccanico yẹn ti bá mi yẹ antigelo wò lọ́sẹ̀ yìí, ó ní bí òtútù bá le ju tèṣí lọ, kò ní dì. Bátìrì tuntun ni, torí òtútù máa ń pa èyí tó ti gbó. Epo kún inú táǹkì, pé bí a bá há sọ́nà, kí ẹ́ńjìnnì má kú, kí òtútù má pa wá. Omi tí wọ́n fi ń nu gíláàsì pàápàá, èyí tí kì í dì ni mo rọ síbẹ̀. Ṣéènì wà nínú búùtù, pẹ̀lú ṣọ́bìrì kékeré àti àpò iyanrìn tí màá dà sábẹ́ táyà bó bá ń yí lójú kan. Tiráńgù pupa tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ti gba ipò ewé yín. Mo kó kúbùsù méjì sí i àti tọ́ọ̀ṣì, àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, nítorí mo mọ̀ pé sálúbàtà ni Màmá máa wọ̀ wá. Ọmọ mi obìnrin dúró lókè ní báńkóònì, ó ń wò mí bí mo ṣe ń so ṣéènì tí mò ń tú u. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ ọ. Ó ní, “Mamma, fa freddo, vieni su.” Òtútù ń mú, kí n máa bọ̀ lókè, ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò ní ẹni tó ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì.

Ó rẹ̀ mí, Bàbá mi. Iṣẹ́ ń rẹ èèyàn, àmọ́ irọ́ tí mo gbé láti ọdún kan ló rẹ̀ mí jù. Ṣé àìsàn ló ń sọ ọ́ lóòótọ́, àbí ẹ mọ nǹkan kan? Ṣé àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ yín sọ ọ́ fún yín rí pé ilẹ̀ kan wà tí omi ti ń pa ọkọ̀? Ká ní mo pè yín ní oṣù Kẹsàn-án yẹn, kí n sọ fún yín pé omi ọkọ̀ mi ní àwọ̀ ewé, kí lẹ máa sọ? Mi ò bínú sí ẹ̀kọ́ yín. Nílé, òótọ́ ni. Èmi ni mi ò béèrè lọ́wọ́ onílé.

Mo ṣì ní kẹ́ẹ̀gì kan. Kì í ṣe ti ọkọ̀ mọ́, ti àlùwàlá Màmá ni, torí wọn ò ní gbà kí ìrun kọjá lórí wọn lọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ló máa sùn lónìí. Lọ́la, ẹ̀bá ẹsẹ̀ Màmá ló máa wà, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń fẹ́.

Bí a bá ń padà bọ̀, kí a tó dé Chivasso, màá yà sí ilé epo kan. Màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá fi omi ọkọ̀ han Màmá, màá sì sọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Bóyá wọ́n á bú mi.

Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo wò ó, Bàbá mi. Nígbà yẹn, mo wò ó, mo sì dà á nù. Lónìí, mo tún wò ó. Ó kún, ó rí bí omi ewúro. Mo dé e padà.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Ọmọ yín obìnrin, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ̀ lé yín, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.