Ojú sí Ọ̀tún: Ìtàn Bàbá Wa, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tó Kí Aránṣọ Bí Ẹni Kí Ọ̀gágun

A bí Bàbá wa ní ọdún 1950, sínú ìdílé bíríkìlà. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ń mọ ilé, bàbá bàbá wọn náà mọ ilé, ìyá wọn sì ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún, àwọn nìkan ló sì máa ń to bàtà gbogbo ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́.

Ní ọdún 1970, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, Bàbá wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, abẹ yí orí wọn ká, Sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ni ní yíyan sì da ẹrù inú àpótí wọn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tò ó padà kí òun tó mí. Bàtà gbọ́dọ̀ dán débi tí Sájẹ́ǹtì á fi rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá rí i, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ìbọn sókè orí, á sáré yí pápá ká títí apá á fi kú. Bí wọ́n bá ń jẹun pàápàá, ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kan àga. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ gbéyàwó títí ìràwọ̀ ọ̀gá yóò fi bọ́ sí èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó le jù ni pé bí wọ́n bá ti ń yan, iwájú lojú ń wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yíjú, àfi tí olórí ọ̀wọ́ bá pàṣẹ kí wọ́n kí ọ̀gágun.

Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló ṣe alárinà. Ní ọdún 1971, wáyà tí Bàbá ń rá kọjá lábẹ́ rẹ̀ fa ṣòkòtò wọn ya, wọ́n sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà lójú títì, láàárín géètì ilé-ẹ̀kọ́ àti pápá ìbọn. Màmá wa ló gba ṣòkòtò náà. Màmá béèrè bóyá kò sí ilẹ̀kùn nílé-ẹ̀kọ́ wọn ni.  Ọkàn Bàbá ti yọ́, wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìsinmi tí aṣọ Bàbá kì í ya.

Ní ọdún 1972, apòògùn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wá tọrọ Màmá. Ìdánwò àṣejáde ti wọlé dé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè jáde, àfi tí wọ́n bá ń yan lọ sí pápá ìbọn. Màmá wá rán onígbàjámọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sí Bàbá pé ọjọ́ Àìkú lòun máa dá apòògùn lóhùn. Ó jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an:

"Ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lójoojúmọ́, kò yíjú wò mí rí. Ẹni tó ń tijú mi lójú títì, ṣé ó máa lè fẹ́ mi lójú ẹbí?"

Màmá kò mọ òfin yíyan. Bàbá mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá rú u lásìkò ìdánwò lè pàdánù ìràwọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kan Bàbá láti ṣe olórí ọ̀wọ́. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá pàṣẹ: "Ojú sí ọ̀tún!" Gbogbo ọ̀wọ́ yíjú lẹ́ẹ̀kan náà sọ́dọ̀ Màmá, tí òwú ṣì wà lẹ́nu wọn. Bàbá gbọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà. Màmá dìde dúró.

Sájẹ́ǹtì béèrè ọ̀gágun tí wọ́n rí.

"Ìyàwó mi ni, sà."

"Ta ló fún ọ níyàwó?"

"Mo ń retí èsì, sà."

Kò sí ẹni tó láyà àtirẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbọn ń gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ojú-Ọ̀tún ni wọ́n ń pe Bàbá láti ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀gá dá ìràwọ̀ wọn dúró fún ọdún kan. Lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ń gba tiwọn, ilé ìdáná ni Bàbá wà, wọ́n ń fọ ìkòkò, wọ́n ń gbọ́ ìró fèrè láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n apòògùn ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1973, Bàbá gba ìràwọ̀ lábẹ́ òjò wẹ́liwẹ́li. Màmá ló rán an mọ́ èjìká aṣọ. Ìgbéyàwó wáyé lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Bàbá ṣiṣẹ́ ológun dé ipò kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì padà ṣe olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ti gbọdọ̀ dán an wò kó yíjú. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2003. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá máa ń dé ṣáájú ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ládùúgbò, àwọn ló ń ṣáájú gọ́tà kíkó, wọ́n á to ṣọ́bìrì bí ẹni to ìbọn.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àìsàn mú ọrùn Bàbá le, kò ṣeé yí sọ́tùn-ún mọ́.  Màmá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kúrò lójú fèrèsé tó wà lápá ọ̀tún wá síwájú bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni Bàbá ń wò títí wọ́n fi pajú dé lóṣù tó kọjá.

Bàbá fi Màmá sílẹ̀ láyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, bíríkìlà àti aránṣọ, àti àwọn ọmọ-ọmọ, tí ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ológun kan náà.

Òun ni yóò pàṣẹ lónìí. Nígbà tí àwọn ológun bá gbé Bàbá dé iwájú Màmá, gbogbo wọn yóò yíjú sọ́tùn-ún. A sọ fún Màmá, Màmá sì rán wa níṣẹ́ kan:

"Ẹ sọ fún bàbá yín kí wọ́n kọjú síwájú, kí wọ́n máa lọ. Ojú tí wọ́n yí sí mi lọ́jọ́ yẹn ṣì tó mi."

Bàbá, a ti jíṣẹ́. Yíyan ti parí. Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ sùn dáadáa.