Ẹsẹ̀ Òsì Hussainat

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin 2025
Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àròyé àárọ̀ dalẹ́. Bàbá Ife — orúkọ tí mo sọ alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá; kò mọ̀ — pè láti Èkó: "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tí ẹ ń kọ́ yìí máa bá ìlú mìíràn gbá bọ́ọ̀lù! Ife la fẹ́." Mo ní wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù dúró. Ó ní bí Àjàṣẹ́-Ìpo bá nà wá ní Mọ́ńdè Àjíǹde, òun á fa àwọn ọmọ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.
Ó dáa. Ojú á rí i.

Ọjọ́bọ̀, 3
Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Gbá a mọ́ ògiri, gbà á dúró — ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Wọ́n ń kùn. Timothy, tá a jọ ń kọ́ wọn, sọ pé ijó tí wọ́n á jó lẹ́yìn góòlù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí kọ́kọ́ ń kọ́. Bí wọ́n ṣe máa gbá góòlù ọ̀hún wọlé di ẹ̀yìn ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 5
Ìjà. Màmá Jàrátù, ìyá àgbà Hussainat, já wọ pápá. "Ta ló ní kí ọmọ mi máa lo òsì? Láti kékeré ni mo ti fi pàṣán lé e kúrò lára rẹ̀!"
Háà! Òsì ni ọmọ yìí ń lò látilẹ̀. Abájọ. Ó ń sáré bí ìgalà, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá kàn án, á kọ́kọ́ dúró ro ẹsẹ̀ tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀.

Àìkú, 6
Mo lọ kúnlẹ̀ fún màmá. Kó fi ọ̀tún jẹun, kó fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo ń tọrọ. Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ tí o kì í ní sùúrù yìí, o mà kúnlẹ̀ pẹ́ o." Wọ́n gbà. "Bọ́ọ̀lù nìkan!"

Ajé, 14
Àrán-Ọ̀rin nà wá, mẹ́ta sí òdo. Bàbá Ife ti gbọ́. Mo pa fóònù. Góòlù ni wọ́n ń kà. Ẹsẹ̀ ni mo ń wò. Bọ́ọ̀lù kò sá fún wa mọ́.

Àbámẹ́ta, 19
Ògiri. Pásítọ̀ ní ṣé a fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì òun ni.

Ajé, 21
Mọ́ńdè Àjíǹde dé.
Òdo sí òdo, ó ku díẹ̀ kí fèrè dún. Bọ́ọ̀lù kan já bọ̀ láti òkè. Àwọn Àjàṣẹ́ fò sókè sí i, wọn kò bá a. Hussainat na ẹsẹ̀ òsì — bọ́ọ̀lù rọ̀ síbẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹyẹlé tó bà. Wọ́n ti dí ọ̀nà ọ̀tún. Ọmọ náà dúró, ó ń ronú. Ohùn kan bú láti ẹ̀yìn mi:
"Òsì! Fi òsì gbá a jàre!"
Màmá Jàrátù. Ìborùn ti já bọ́ lórí wọn.
Ọ̀kan sí òdo!
Bàbá Ife, tó ti Èkó dé, gbé ife mọ́ àyà, ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ta ló tún lè gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mi? Mo ń wo Hussainat tó sáré lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. Màmá ń sunkún, wọ́n na ike omi sí i. Ọmọ na ọwọ́ òsì.
Pàá! Wọ́n gbá ọwọ́ náà.
"Mo ní bọ́ọ̀lù nìkan!"