Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Ń Lọ Láago Méje Ìrọ̀lẹ́

Bàbá Títílọpẹ́, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí àwọn tó ń ṣe ìrántí òkú máa ń sọ pé ara le, ara yá. Èmi ò ní purọ́ fún yín. Ó rẹ̀ mí, orúnkún ń dùn mí, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ti darúgbó.

Àmọ́ a wà. Ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Elelenwo, tí a kó wọ̀ láìní àjà, ó ti ní àjà báyìí, a sì ti kùn ún. Tósìn tí ẹ fi sílẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù ti wà ní yunifásítì ní Choba, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Mo ṣì ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Rumuokwurushi. Ṣùgbọ́n Títí ló ń gbé ilé yìí ró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọmọbìnrin yín ló ń gbé ilé ró, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ lọ́dún yìí pọ̀ tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ ráútà ni.

Ẹ ò lè má rántí ráútà. Ọdún tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ rà á, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í dé àdúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn á jáde lọ dúró lẹ́nu géètì. Ẹ ri òpó irin mọ́ ẹ̀yìn ilé, ẹ so eriali sí i lórí, ẹ fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Odindi Sátidé kan lẹ fi jókòó tì í pẹ̀lú kọ̀ǹpútà Títí, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ta ló fẹ́ kọ́ yín? Ìdí ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ ti lo iṣẹ́ yín, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé yín wá sí Port Harcourt lọ́dún 1999. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta tàn lórí rẹ̀, Tósìn pariwo, “Daddy, e don show!” Ẹ rẹ́rìn-ín múṣẹ́, ẹ lọ wẹ̀.

Kò ju oṣù méjì lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í dárà. Tó bá ti di aago méje ìrọ̀lẹ́, á dúró. Àmì rẹ̀ á wà lórí fóònù o, iná orí ráútà á máa tàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa wọlé, kò sí ohun tó máa jáde. Tó bá di aago mẹ́jọ, á tún padà. Ojoojúmọ́ ayé! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń bínú. Ẹ ó dìde, ẹ ó pòṣé, ẹ ó na ìka sí ráútà: “These people na thief!” Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí ẹ gbé fóònù sétí, tí ẹ ń fọ gẹ̀ẹ́sì gidi sí ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ní ẹ máa gbé wọn lọ sí kóòtù. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa jókòó sídìí tábìlì, ẹ ó ní, “Ó dáa, kí la ó wá ṣe? Ìyá Títí, gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jẹun.”

Àwọn ọmọ á sì wá. Kí ni wọn ì bá ṣe? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Títí á pa kọ̀ǹpútà dé, Tósìn á ti fóònù bọ àpò, gbogbo wa á jókòó ti ẹ̀bà àti ọbẹ̀ oníṣàwùrú tí Ìyá Sotonye ará ilé kejì kọ́ mi ní sísè. Ẹ ó máa sọ ìtàn bárékè. Èyí tí ẹ sọ lánàá, ẹ ó tún un sọ. Ẹ ó bi Títí pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́ lónìí. Ẹ ó bi Tósìn pé kí ló dé tí ìṣirò ń lé e kiri. A ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀bà á fi tutù.

Lẹ́yìn náà lẹ lọ. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe é láàárín ọjọ́ méjì péré. Ẹ lọ, ẹ ò dágbére fún ẹnì kankan.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ ò yé lọ láago méje. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa pè wá sídìí tábìlì mọ́. Tó bá ti lọ, Títí á pòṣé wọ yàrá, Tósìn á jáde lọ sẹ́nu géètì, èmi á gbé oúnjẹ tèmi lé ẹsẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí a ṣe ń jẹun nìyẹn, Bàbá Títí. Ọdún mẹ́rin.

Títí wá rí iṣẹ́. Ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní ìṣirò. Ọ̀sán tiwọn, ìrọ̀lẹ́ tiwa ni, ẹ sì mọ ohun tí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ nílé wa. Wọ́n lé e. Wọ́n ní olùkọ́ tó máa ń pòórá láago méje, àwọn ò fẹ́. Ọmọ yín sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ́ ọmọ àdúgbò nínú oòrùn.

Kí ni a ò ṣe? A pe ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní orúkọ yín ló wà níwájú àwọn, àfi kí ẹ pe àwọn fúnra yín. Mo ní ọkọ mi ti kú. Ọmọbìnrin tó ń dá mi lóhùn nínú fóònù ní, “Okay ma,” kí ọkọ mi pe àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. A pa ráútà, a kà dé ọgbọ̀n, a tún tàn án. A yọ káádì rẹ̀, a nù ún, a fi í padà. Mo tiẹ̀ ká léèsì tí mo fi bò ó kúrò, torí Tósìn ní léèsì náà ló ń jẹ́ kí ooru mú un. Ẹnì kan ní ká fi abẹ́rẹ́ gún ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pé á padà bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, gbogbo ètò tí a ti ṣe sí i á parẹ́. Abẹ́rẹ́ ò wọ́n mi, èmi aránṣọ. Mo ní láéláé! Ohun tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èmi kọ́ ni mo máa pa á rẹ́. Títí ò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá Sotonye ló wá sọ pé ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ láago méje géérégé lójoojúmọ́, kì í ṣe ojú lásán. “My sister, e get who hold am.” Ó mú obìnrin mẹ́ta wá láti ìjọ rẹ̀. A ta òróró sí ráútà lórí. A gbàdúrà kíkankíkan, a ní ẹni yòówù tó bá di nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yìí mú, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ, kó má rí ibi sinmi. Àmín tèmi ló ròkè jù. Àárín àdúrà ni aago lu méje, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ.

Ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, mi ò mọ̀.

Lọ́dún yìí, Títí tún rí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ní àwọn máa fi oṣù kan dán an wò, láti aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ wa. Bó bá pòórá lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí nìyẹn. Tọ́sìdeè ló bẹ̀rẹ̀. Ó pòórá ní Tọ́sìdeè, ó pòórá ní Fúráìdeè. Ló bá kó aṣọ sínú báàgì. Ó ní òun ń lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ṣìmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Eliozu, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi wà, pé tó bá ti di ọjọ́ Sọ́ńdè òun ti lọ. “Mummy, I no fit again.” Mi ò bá a jà. Tósìn ti wà ní Choba. Bí Títí bá tún lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé tí a fi ọdún méjìlá kọ́. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá Títí. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí a sin yín lọ.

Sátidé ni àwọn tó ń kun ilé dé yàrá wa. Mo ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí wọ́dírọ́ọ̀bù, mo bá àwọn páálí yín. Ẹ̀yin àti páálí! Páálí fáànù, páálí áyọ́ọ̀nù, páálí tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ láti ayé ọjọ́un. Ẹ kì í jẹ́ ká sọ páálí nù. Ti ráútà wà láàárín wọn. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí n gbé e síta ni mo rí bíírò pupa lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ìkọ̀wé yín ni, bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ ní tẹ́ṣàn: ọjọ́, aago, àti páásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ inú ráútà. Nọ́ńbà iṣẹ́ ọlọ́pàá yín ni. A ti fi ọjọ́ ìbí gbogbo wa gbìyànjú àtiwọlé rí, kò sí ẹni tó rántí nọ́ńbà iṣẹ́.

Títí jókòó. Ó tẹ àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ráútà sórí kọ̀ǹpútà, ojú ewé kan ṣí, ó fi páásíwọ́ọ̀dù yín sí i, a wọlé. Ó ń wò ó láti òkè lọ sísàlẹ̀: orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iye fóònù tó ń lò ó. Ó dé ibì kan tí àwọn òbí ti lè yan wákàtí tí ráútà máa dá fóònù dúró, kí ọmọ má bàa tẹ fóònù jù. Ètò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Aago méje sí aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, ojoojúmọ́, gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé. Ẹni tó bá ṣe ètò náà ló máa ń fún un lórúkọ. Ẹ ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ síbẹ̀: OUNJE.

Títí pariwo. Mo rò pé iná ló gbé e.

Gbọ́lágadé! Mo pe orúkọ yín, ẹ má bínú. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ń pòṣé! Ẹ̀yin tí ẹ ń na ìka sí ráútà! Ta lẹ ń fọ gẹ̀ẹ́sì sí nínú fóònù lọ́jọ́ yẹn, ta ló ń dá yín lóhùn? A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. A pe Tósìn ní Choba, òun náà rẹ́rìn-ín, “Ah! Daddy play us wayo!” Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, nígbà tó yá a ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́, imú tó ń fọn là ń gbọ́. Ni gbogbo wa bá bú sẹ́kún.

Títí ò fẹ́ pa á rẹ́. Ẹ gbà mí! Ọmọ tó ti di ẹrù! Ó ní òun á bẹ àwọn ará iṣẹ́ náà kí wọ́n sún kíláàsì òun sí aago mẹ́jọ. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó jókòó, ó ń wò mí. Mo ní gbé e wá. Èmi ni mo kọ̀ láti fi abẹ́rẹ́ gún un, èmi náà ni mo máa ṣe é. Ó fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì bóyá ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ní Mọ́ńdè, aago lu méje, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Mo ń gbọ́ ohùn Títí láti yàrá, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìsọdipúpọ̀, kò dákẹ́, kò pòṣé, kò jáde. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá. Mo ti sin yín láti ọdún mẹ́rin, mo ti wọ aṣọ dúdú, mo ti bọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ ti lọ lóòótọ́.

Wọ́n ti gba Títí síṣẹ́ pátápátá. Lẹ́tà rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú báàgì. Ẹ bá wa yọ̀.

Àmọ́ inú ń bí mi sí yín, bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ẹ̀yin tí odindi bárékè ń kí ní “sà,” tí ẹ bá ní kí wọ́n dúró wọ́n á dúró, kí ló dé tí ẹ ò lè la ẹnu sọ fún ọmọ yín pé ẹ fẹ́ kó wá jókòó tì yín? Ẹ fẹ̀yìn tì, kálukú wa dojú kọ fóònù, ẹ̀yin nìkan jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń tẹ fóònù tèmi. Mo ń bá yín gbé, mi ò rí i pé ó ń ṣe yín. Ìyẹn ló ń dùn mí jù lọ.

Bàbá Títí, àárò yín sọ wá lánàá, ó ń sọ wá lónìí, kò ní tán lọ́la. Èmi Àtinúkẹ́ aya yín, Títílọpẹ́ àti Tósìn tí ẹ bí, a fẹ́ràn yín. Ká ní ẹ sọ fún wa ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ì báà wà, à bá wá.