Ọmọ Méjì Tí Wọ́n Kọ Sínú Fáìlì Mi

                                        Ilé Bàbá Ládélé,
                                        Ìjerò-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2025.

Adéfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi jù,

Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù ọ̀hún ti dẹ díẹ̀, àbí ẹ ṣì ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà? Orúnkún Mọ́mì yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn? Àwa níbí ń mí. Ìlérí wa pé Yorùbá nìkan la ó máa fi kọ̀wé síra wa ṣì wà. Mo kàn bẹ̀ ọ́, má fi gègé pupa sàmì sí èyí, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo.

Mo ti sọ fún ọ lórí fóònù pé kókó tí mo rí nínú ọmú mi, jẹjẹrẹ ni. Èyí tí n kò lè sọ lórí fóònù, torí ògiri ilé yìí létí, ni mo fẹ́ kọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ní Adó, Àǹtí Dorcas, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló bá mi lọ. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti bímọ. Kí n tó lanu, Àǹtí ti dáhùn: "Ó ti bí méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan." Ọlámijí àti Faith ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn, àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi Jídé fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Nílé wa, wọn kì í sọ lójú àlejò pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò tíì bí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi sì kọ́ wa pé a kì í pe àgbà lópùrọ́ níta. Mo dákẹ́. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé mo ṣe bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Ọjọ́rú tó kọjá la padà lọ. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí mi lára. Nọ́ọ̀sì Glory wo fáìlì mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Tiyín tilẹ̀ dára, ẹ ti ní méjì nílẹ̀. Àwọn tí kò tíì bí, a máa ń kọ́kọ́ jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, torí oògùn yìí lè ba ilé ẹyin jẹ́, kí obìnrin má lè bímọ mọ́."

Àǹtí ń wo bàtà wọn. Mo mú káàdì mi, a jáde. Ọkọ̀ wa dúró ní Arámọkọ. Níbẹ̀ ni Àǹtí ti ní kí n ra bọ̀ọ̀lì fún àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo purọ́ pé mò ń lọ kí ẹnì kan ní Ìlórò, mo gun ọ̀kadà dé gáréèjì, mo wọkọ̀ Adó. Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì Glory pé n kò bímọ rí. Kò bá mi wí. Ó ti fáìlì náà sápá kan.

"Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ fẹ́ bímọ?"

Gbogbo ayé ló ti bi mí ìgbà tí mo máa bímọ. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo fẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ṣàlàyé pé dókítà kan wà ní Ìbàdàn tó lè fi abẹ́rẹ́ mú kí ẹyin mi gbó, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù títí ara mi yóò fi yá. Yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n pe dókítà mi, ó wo èsì àyẹ̀wò mi, ó ní irú tèmi lè dúró fún ìyẹn, ó sì sún oògùn ọjọ́ Ajé síwájú. Nọ́ọ̀sì ò ṣèlérí fún mi o. Ó ní ẹyin inú òtútù kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gba oògùn tán, ó lè má sí ohun tí a ó kó mọ́.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá mi lọ, torí wọ́n máa fún mi ní oògùn oorun. Ó na bírò sí mi kí n kọ orúkọ ẹni náà. Orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ìwọ tó wà lókè òkun. Níkẹyìn mo kọ Àǹtí Dorcas.

Lánàá ni mo jẹ́wọ́ fún wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ìníolúwa, mo bò ọ́ láṣìírí ni. Ta ni yóò fẹ́ ọmọ tí wọ́n kó ẹyin rẹ̀ pa mọ́ sí Ìbàdàn? Jẹ́ kí ẹ̀mí rẹ dúró ná. Ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo ní mo gbọ́, ẹ ṣeun mà, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo máa lọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tán.

Láàárọ̀ yìí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìkan ilẹ̀kùn mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ, mo gbọ́ géètì, ilé wá pa rọ́rọ́. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè wà láàárín ẹbí rẹ̀ kó dá wà tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, gèlè ṣì wà lórí wọn.

"Ọkọ̀ Ìbàdàn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mélòó ló ń gbéra?"

Mo ní aago mẹ́fà. Wọ́n ní kí n má gbàgbé súwẹ́tà, òtútù máa ń mú lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n bá lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

A ó jọ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì pe nǹkan náà lórúkọ, bóyá wọn ò sì ní pè é. Kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́ nílé yìí bí mo ṣe ń bá ọ sọ ọ́. Jọ̀wọ́ fèsì, kí ó gùn. Má kọ "ọ̀rọ̀ yẹn" sí mi. Bi mí nípa ẹyin mi, bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí.

Bá mi kí Bíọ́lá ọkọ rẹ. Kí Mọ́mì náà, ṣùgbọ́n má tíì sọ fún wọn.

Tìrẹ ni mo jẹ́, níbikíbi tí mo bá wà,

Ìníolúwa