Ìṣẹ́jú Márùn-ún Agùntáṣọọ́lò

                                        Yàrá Kejì Lókè,
                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ọ̀mọ̀wé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da àbíkẹ́yìn rẹ láàmú ti fi í sílẹ̀? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń ríran dáadáa? Mo ní kí n kí gbogbo yín tán kí n tó sọ tẹnu mi, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dánu dúró mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti di ìyàwó o! Ọ̀sẹ̀ keje rèé, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá pe “ìyàwó” ní òpópónà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn, kódà tí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n ń pè. Yàrá kan la ní. Tábìlì ìyàwòrán ọkọ mi gba ìdajì, ẹ̀rọ ìránṣọ mi gba ìyókù, àárín méjèèjì la ń fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá bí alákàn. Tó bá fẹ́ na ẹsẹ̀, àfi kí n ṣílẹ̀kùn. Ìwọ náà kúkú lo kọ́kọ́ pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Ojoojúmọ́ ni mò ń jí tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ Àìkú, ayọ̀ náà ti há mi lọ́fun, ìwọ nìkan lo sì lè bá mi yọ ọ́.

O mọ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé-ìwé tó jẹ́ ti Màmá àtàwọn àbúrò wọn mẹ́rin, níbi tí ìyá ọkọ mi ti ń yá yàrá gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Àwòrán ilé méjì ló wà níwájú àwọn onílẹ̀ báyìí, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ti kọngílá kan: ogún ilé ńláńlá, ògiri gíga yí wọn ká, géètì kan ṣoṣo, kí gbogbo ayálégbé kó jáde. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa sàmì sílẹ̀kùn ìyá ọkọ mi. Èkejì ni ti ọkọ mi. Ilé ńlá, ilé kékeré, yàrá kan-kan fún opó àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà kan náà, kí olówó máa kí mẹ̀kúnnù láàárọ̀, ó fẹ́, ó kọ̀. Ó yà á bí ilé àwọn baba ńlá wa: ògiri amọ̀ tó nípọn tí ooru kì í ráyè wọlé, àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ yọ síta débi pé èèyàn lè rìn láti ilé dé ilé nínú òjò kó má tutù. Èmi ni mo fi páálí gé gbogbo ilé náà, mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Ọ̀bẹ gé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àárín gbùngbùn ni tiwa wà, ilé kọkànlélọ́gbọ̀n, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ igi máńgòrò. Mo ti mọ ibi tí ẹ̀rọ mi máa wà.

Ohun tí ọkọ mi fi ń yangàn jù ni ohun tó kọ sókè àwòrán: kò sí ilé tó máa ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibi omi, ọjà àti ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn ín, aago lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú ìyá ọkọ mi lọ wo èèkàn tí wọ́n rì síbi tí ilé ìwòsàn máa wà. O mọ̀ pé orúnkún ń dùn wọ́n. Mo wọ aago ọkọ mi, ká lè fi ṣe fáàrí. Ìṣẹ́jú márùn-ún pé, a ò tíì dé ìdajì. Wọ́n jókòó lórí òkúta. Wọ́n dìde. Wọ́n tún jókòó lórí kùkùté. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún la fi débẹ̀! Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ta lọmọ yìí ń kọ́lé fún? Ṣé ẹṣin ni?”

Mo rẹ́rìn-ín o. Àfi bí àbúrò Màmá tó máa ń wọ bàtà funfun, tó wà lẹ́yìn kọngílá, ṣe bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa: “Ìyàwó ayàwòrán, ẹ kú ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún o!” Ó ti ń ròyìn rẹ̀ kiri.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní ìyá òun lòun parọ́ fún, òun máa lọ kó àwòrán òun kúrò níwájú àwọn onílẹ̀, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ní, “Ọkọ mi, a ò tíì pé oṣù méjì, má sọ̀rọ̀ ikú létí mi.” Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣé o rí ọkùnrin gíga tó ká jọ sórí àpótí? Kì í ṣe ohun téèyàn ń wò.

Lánàá tó lọ síbi iṣẹ́, mo gbé ilẹ̀ páálí wa sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi tépù ìránṣọ mi wọn gbogbo ọ̀nà, mo fi ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi ṣírò rẹ̀. Mo gbé ibi omi síbí, mo gbé ilé ìwòsàn sọ́hùn-ún, mo ń sunkún, mo ń gbé e. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn lè dé láì jìnnà jù: ilé kọkànlélọ́gbọ̀n. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ó lè yí padà. Kò yí padà. Ni mo bá fi ọ̀bẹ yọ ilé wa, mo gbé ilé ìwòsàn síbẹ̀.

Nígbà tó dé, ó wò ó títí. Ó ní, “Ilé wa dà?” Mo ní, “Ó wà lápò mi.” Ó mú rọ́bà, ó pa ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ́, ó wá ń ya bẹ́ǹṣì sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan níbi òkúta, ọ̀kan níbi kùkùté. Ìgbà yẹn ló tó ní kí n bu oúnjẹ wá. Gbogbo ilé tó kù ló ti lólúwa, torí náà àwa ò nílé mọ́, a ó ṣì máa rìn bí alákàn.

Ọ̀rẹ́ mi, Sátidé ni ìpàdé. Onílẹ̀ méjì wà lẹ́yìn kọngílá, méjì wà lẹ́yìn wa. Màmá ló kù. Mo sì gbọ́ pé kọngílá ti fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n kàn tẹ̀ka sí i nílé, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu wá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n tíì tẹ̀ka! Mú wọn wá. Kì í ṣe pé kó o bá mi tàn wọ́n. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn ín. A ti gbé àpótí síbi tí bẹ́ǹṣì máa wà, a sì ti gbé èèkàn ilé ìwòsàn lọ sí àárín. Tó bá rẹ̀ wọ́n jù kí wọ́n tó dé èèkàn àárín, kí wọ́n tẹ̀ka fún kọngílá, mi ò ní bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rìn ín ná.

Awakọ̀ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ohun kékeré tó wà nínú rẹ̀ yẹn, ilé kọkànlélọ́gbọ̀n ni. Fi í sọ́wọ́ Màmá, kí wọ́n mọ̀ pé a ò kọ́ ọ mọ́.

Bá mi kí baba àwọn ọmọ, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ní kó o wọ bàtà tó rọ̀.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,

Abẹ́rẹ́ tó ti rí òwú.