Ẹ̀gbọ́n Aláriwo

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹwàá, 1964
Ẹnu mi ló kó bá mi. Oyèyẹmí káfíńtà, aládùúgbò mi, ní, "Bàbá, iná ìjọba ti wọ Ìkirè láti oṣù mẹ́rin, kò kú rí. Kí lẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì iná yẹn ṣe?" Inú bí mi. Mo búra lójú èèyàn mẹ́ta: bí iná ò bá kú kí oṣù yìí tó parí, màá ta ẹ́ńjìnnì mi fún Ọláníyì, ayàwòrán Àpòmù, tí iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

1956 ni mo rà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Àbíkẹ́ wọlé ìyàwó, ó sì sọ gbogbo ẹni tó bá nílé lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Àbúrò mi di Akọ̀wé. Ẹ́ńjìnnì di Ẹ̀gbọ́n Aláriwo — ó ní ó ṣáájú òun délé, òun ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ọdún méje rèé tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3
Ìwẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo ha èérí dúdú ara rẹ̀. Mo da ògbólógbòó ọ́ìlì nù, mo rọ tuntun. Mo yí irin tí a fi ń jí i, mo jẹ́ kó ké fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú — ẹ́ńjìnnì tí kì í ké a máa ya ọ̀lẹ. Adìyẹ àdúgbò sá. Àbíkẹ́ kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ kú ariwo o, ẹ̀gbọ́n." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Wòlíì gbàdúrà kí iná ìlú wa má ṣe kú láé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi la ẹnu, ohùn ò jáde. Àbíkẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Ọjọ́bọ̀, 15
Ìjì gidi. Mo dúpẹ́. Ó ká páànù méjì lórí ìsọ̀ Oyèyẹmí. Mo ti di irin mú nídìí Ẹ̀gbọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan — ó tún là. Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 21
Ọláníyì wá wo ẹ́ńjìnnì. Ọmọ dáadáa ni, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo sọ ìwà Ẹ̀gbọ́n fún un: kì í fẹ́ ìkánjú láàárọ̀, bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó jẹ́ kó sinmi. Àbíkẹ́ gbé omi wá, ó bi í pé, "Ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́ ní Sátidé?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 26
Iná ń bẹ.

Ọjọ́bọ̀, 29
Iná ń bẹ. Àbíkẹ́ ní kí n yé fojú bá gílóòbù jà. Ọ̀tunla ni Ọláníyì ń gbé lọ́rì bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 30
Ó kú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, mo ti bu òkèlè kejì, iná lọ. Ọwọ́ ọbẹ̀ ni mo fi di irin mú. Ẹ̀gbọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ké. Ilé mọ́lẹ̀. Mo jó — èmi, àgbàlagbà. Mo jáde lọ pe Oyèyẹmí kó wá wò ó. Fèrèsé rẹ̀ ń tàn. Gbogbo òpópónà ń tàn títí dé mọ́ṣáláṣí. Ilé mi nìkan ni iná kú sí.

Mo padà, mo ṣí àpótí iná. Wọ́n ti yọ fúùsì. Àbíkẹ́ ń kó abọ́, kò wojú mi. Etí ìró rẹ̀ ta kókó. Mo ní, "Àbíkẹ́." Ó ní, "Ẹ búra pé bí iná ò bá kú. Iná ti kú. Ẹ ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ kú fún gbogbo ìlú." Ó to abọ́ lé ara wọn. "Mi ò ní jókòó kí wọ́n ta ẹ̀gbọ́n ọkọ mi."

Ọdún méje ni mo fi rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ojú tì mí, inú mi sì dùn débi pé mi ò lè jẹun mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31
Ọláníyì dé. Mi ò tíì la ẹnu tí Oyèyẹmí fi dá a lóhùn láti ìsọ̀ rẹ̀: "Iná kú nílé bàbá lánàá. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n." Kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Àbíkẹ́ di iṣu mẹ́ta fún Ọláníyì, ó fi bẹ̀ ẹ́.

Mo wẹ Ẹ̀gbọ́n. Fúùsì ṣì wà létí aṣọ Àbíkẹ́, mi ò bèèrè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí.