Oyin Inú Ife

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Àbúrò mi mú ìyàwó ẹ̀ wá sí ilé kéèkì Màámi. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, ìyàwó lóyún. Màámi ní kí ìyàwó máa ṣe kéèkì oyin títí di Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Bó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó dúró. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí tọkọtaya kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó fún wọn.

Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ohun gbogbo ló ń rẹ́rìn-ín sí, títí kan ìgbálẹ̀. Bí eléyìí bá dúró, tó bí ọmọ ọkùnrin, ta ló máa rántí èmi tí iná ààrò ti ń jó lọ́wọ́ láti kékeré?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà
Ó wọn oyin lónìí. Ife gbígbẹ ló dà á sí — gbígbẹ! Ó dojú ẹ̀ dé abọ́, ó ń fìka fà á. Oyin jókòó pa sára ife bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Màámi ti kọ́ mi tipẹ́: fi òróró nu inú ife ná, oyin á yọ̀ jáde pátá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti nu tèmi. Mi ò ní sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà
Oyin tó kù sínú ife ò jẹ́ kó pé, kéèkì ẹ̀ gbẹ bíi páálí. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà
Màámi na ife sí Ẹlẹ́rìn-ín lójú àwọn oníbàárà, ó ní: Lá a! Oyin mi ló kù síbẹ̀ yẹn, lá a kó mọ́! Ó lá a. Oyin kàn án nímú. Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rẹ́rìn-ín tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà
Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ó ń sunkún. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Àánú ẹ̀ ṣe mí — díẹ̀. Mo ní kó máa fi omi gbígbóná ṣan ife náà dáadáa, kó da omi ọ̀hún sínú kéèkì. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Tòun ti ikùn yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà
Omi pọ̀ jù. Àárín kéèkì rì, inú ẹ̀ rin gbindin. Màámi bú u títí, Ẹlẹ́rìn-ín ò dárúkọ mi. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà
Wọ́n ti lọ. Àbúrò mi ru fóòmù wọn lórí, kò wo ojú mi. Ẹlẹ́rìn-ín ní, Àǹtí mi, ẹ ṣé tí ẹ gbìyànjú fún mi. Kì í ṣe èébú o. Ó gbà pé mo ràn án lọ́wọ́ ni.

Màámi pè mí, ó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ti rí èmi àti òróró mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó ní ó dáa bí mi ò ṣe sọ, mo jọ òun. Inú mi dùn ṣìnkìn, mo kúnlẹ̀.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ìwọ náà, ṣé o rò pé gbogbo iṣẹ́ kéèkì yìí ni mo kọ́ ẹ?

Mo bi í pé kí ló kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn.